Inú Ìyá Ni Ìlera Ọmọ Ẹran Ti Ń Bẹ̀rẹ̀

Àwọn baba wa a máa wí pé àtikékeré ni a ti í pẹ̀ka ìrókò, nítorí bí ó bá dàgbà tán apá kì í ká a mọ́. Òtítọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí. Ṣùgbọ́n ní ti ẹran tí à ń sìn nílé, àwa fẹ́ fi kún un pé kí ọmọ ẹran tó di kékeré pàápàá, nígbà tí ó ṣì wà nínú ìyá rẹ̀, ni ọ̀pọ̀ nínú ohun tí yóò jẹ́ ti ń di pípinnu. Ẹni tí ó bá ń retí kí ọmọ ewúrẹ́ kọ́kọ́ wá sáyé kí òun tó bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú rẹ̀, ọjà ti tú kí ó tó dé ibẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á mú ọ̀rọ̀ náà wá sílé. Bí ènìyàn bá dé Ìpótì-Èkìtì nínú oṣù kejì ọdún, tàbí kí ó gba Ìjerò lọ sí Aramọkọ, kí ó sì gòkè dé Ẹ̀fọ̀n-Alààyè, ohun tí ojú rẹ̀ yóò rí kò yàtọ̀ láti ìlú kan sí èkejì. Koríko ti gbẹ, ọyẹ́ ti gbọn ewé dànù lórí igi, ewúrẹ́ sì ń rìn láti ojúlé dé ojúlé, wọ́n ń jẹ bébà, wọ́n ń lá ara ògiri. Púpọ̀ nínú wọn ni ó lóyún, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó ka oyún náà sí. Bí ó bá di oṣù kẹta, ọ̀kan nínú wọn yóò bí ìbejì sí ẹ̀yìn ilé. Èkíní yóò kú lọ́jọ́ náà gan-an. Èkejì yóò máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ títí di ọjọ́ kẹta, òun náà yóò sì bá tirẹ̀ lọ. Ìyá arúgbó tí ó ni ẹran yóò mí kanlẹ̀, yóò ní, “N kò lórí ẹran sísìn.” Ẹlòmíràn yóò ní iṣẹ́ ọwọ́ ayé ni.

Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Ọ̀ràn yìí kì í ṣe ti orí, kì í sì í ṣe ti ayé. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, ebi ni, ebi tí ó pa ìyá nígbà tí ọmọ wà nínú rẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni èyí. Ewúrẹ́ ni báńkì tálákà. Òun ni a ń tà bí ọmọ bá ṣàìsàn lóru, òun ni a ń tà bí òkú bá kú fún ni, òun náà ni a sì ń tà bí ilé ìwé bá béèrè owó ìdánwò. Ẹ̀yin olùkọ́ mọ̀ jù wá lọ. Ẹ mọ ọmọ tí ó jókòó sí iwájú yín lónìí nítorí pé ìyá rẹ̀ ta òbúkọ kan. Bí ọmọ ewúrẹ́ méjì bá kú ní Ìpótì, kì í ṣe ẹran méjì péré ni ó ṣòfò. Ó lè jẹ́ àyè ọmọ kan nínú kíláàsì ni ó ṣófo.

Ó yẹ kí á ṣàlàyé bí ọ̀rọ̀ náà ti ń ṣiṣẹ́. Nǹkan bí oṣù márùn-ún, èyí tí í ṣe ọjọ́ 150 tàbí kí ó dín díẹ̀, ni ewúrẹ́ fi ń gbé oyún. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ọmọ inú rẹ̀ kò tóbi, oúnjẹ rẹ̀ kò sì pọ̀. Ṣùgbọ́n ìgbà yẹn ni ibi ọmọ ń dàgbà, ibi yìí ni yóò sì máa gbé oúnjẹ láti ara ìyá wá fún ọmọ. Bí ebi bá pa ìyá púpọ̀ ní àkókò yìí, ibi náà lè má tóbi tó, ọmọ yóò sì máa fi ẹnu kóró jẹun títí di ọjọ́ ìbí. Lẹ́yìn èyí ni àádọ́ta ọjọ́ ìkẹyìn dé, àkókò tí ó le jùlọ. Láàárín ọjọ́ 50 yìí ni ọmọ inú ewúrẹ́ ń ní èyí tí ó ju ìdá méjì nínú mẹ́ta lọ nínú ìwọ̀n tí a ó fi bí i. Àkókò yìí kan náà ni ọmú ìyá ń múra àti ṣe wàrà. Iṣẹ́ méjì ńlá ni ara kan ṣoṣo ń ṣe, bí oúnjẹ kò bá sì sí, ọ̀kan nínú méjèèjì yóò bàjẹ́. Nígbà mìíràn ìyá fúnra rẹ̀ a máa ṣubú, pàápàá èyí tí ó gbé ìbejì.

Nígbà tí oúnjẹ kò bá tó, ọmọ inú a máa ṣe bí baálé ilé tí owó rẹ̀ kò tó ná. Yóò kọ́kọ́ fi ti orí àti ti ọkàn ṣáájú, nítorí láìsí wọn kò sí ẹ̀mí. Lẹ́yìn náà ni yóò fi ohun tí ó bá kù bọ́ ẹran ara, ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín. Ìdí nìyí tí ọmọ ẹran tí ebi pa nínú oyún fi lè ní orí tí ó tóbi ju ara rẹ̀ lọ. Ohun tí ó sì burú níbẹ̀ ni pé iye okùn tí ó wà nínú ẹran ara, àti iye asẹ́ kéékèèké tí ó wà nínú kíndìnrín, kí a tó bí ọmọ àgùntàn tàbí ọmọ ewúrẹ́ ni púpọ̀ jùlọ nínú wọn ti parí. Bí a bá bí i tán, a lè bọ́ ọ kí ó sanra, ṣùgbọ́n a kò lè padà lọ kọ́ ohun tí a kò kọ́ nígbà náà. Bí ọmọ náà bá sì jẹ́ abo, ẹyin tí òun náà yóò fi bímọ lọ́jọ́ iwájú ti wà lára rẹ̀ nígbà tí ó ṣì wà nínú ìyá. Nítorí náà, ẹni tí ó fi ebi pa aboyún ewúrẹ́ kan fi ọwọ́ kan ìran mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ̀rí èyí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ayé. Ní ọdún 1938, John Hammond àti Arthur Walton ní Cambridge ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ ìwé lórí ìdánwò kan tí wọ́n fi ẹṣin ṣe. Wọ́n mú ẹṣin Shire, tí í ṣe òmìrán láàárín ẹṣin, wọ́n sì mú ẹṣin Shetland, tí kò ga ju ọmọdé lọ. Wọ́n da ẹ̀jẹ̀ àwọn méjèèjì pọ̀ ní ọ̀nà méjì: nígbà kan Shire ni ìyá, nígbà kejì Shetland ni ìyá. Ìdajì ẹ̀jẹ̀ ìhín, ìdajì ẹ̀jẹ̀ ọ̀hún ni gbogbo ọmọ náà ní. Síbẹ̀, ọmọ tí ìyá ńlá bí tóbi tó nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta ti èyí tí ìyá kékeré bí. Ẹ̀jẹ̀ wọn dọ́gba. Ilé tí wọ́n ti gbé oṣù mọ́kànlá ni kò dọ́gba.

Ẹ̀kọ́ ńlá ni èyí fún àwọn tí ó ń wí pé ẹran òkè òkun nìkan ni yóò gbà wá. A kò bú ẹran àjèjì. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ rere nínú inú tí ebi ń pa dà bí irúgbìn rere lórí àpáta. Ewúrẹ́ kúkurú ilẹ̀ wa yìí, tí àwọn kan ń fojú tẹ́ḿbẹ́lú, jẹ́ ẹran tí ó lè fara da àrùn oorun tí eṣinṣin igbó ń gbé kiri, tí ó sì ń bí ìbejì nígbà gbogbo. Kò sí àléébù lára rẹ̀ tí oúnjẹ, omi àti ìtọ́jú kò lè mú dínkù.

Bí ẹnìkan bá wí pé ti ẹṣin Gẹ̀ẹ́sì kò kan òun, ẹ jẹ́ kí á wá sí Ìbàdàn. Ní àwọn ọdún 1980, ilé-iṣẹ́ ìwádìí ẹran ọ̀sìn ti ilẹ̀ Áfíríkà tí à ń pè ní ILCA, tí ó di ara ilé-iṣẹ́ ILRI lẹ́yìn ọdún 1994, ní ibùdó kan ní Ìbàdàn fún ilẹ̀ olójò bí ti wa. Àwọn onímọ̀ náà gbin igi agúnmaníyè àti igi lùkénà, wọ́n sì ń gé ewé rẹ̀ fún àgùntàn kúkurú ilẹ̀ wa nígbà tí oyún wọn bá ti gbó àti nígbà tí wọ́n bá ń fọ́mọ lọ́mú. Ohun tí wọ́n rí ni pé ọmọ tí ó yè títí di ìgbà ìjáwọ́ ọmú pọ̀ sí i, wọ́n sì tètè dàgbà. Ewé igi lásán ni. Kò sí ẹnìkan ní Ìpótì tí kò lè fi agúnmaníyè ṣe ọgbà yí ilé rẹ̀ ká, nítorí ẹ̀ka rẹ̀ ni a ń gé rì mọ́lẹ̀, a sì hù.

Ooru pẹ̀lú wà níbẹ̀. Ní Florida ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, àwọn olùwádìí fi abo màlúù oníwàrà sí ọ̀nà méjì ní oṣù kan àbọ̀ tí ó kẹ́yìn oyún wọn. Wọ́n fi fáànù àti omi tu àwọn kan lára, wọ́n sì fi àwọn ìyókù sílẹ̀ nínú ooru. Ọmọ tí àwọn tí ooru mú bí kò wúwo tó ti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn. Nígbà tí àwọn ọmọ náà sì dàgbà tí àwọn náà bímọ, wàrà wọn kò tó. Ẹ̀yin tí ọ̀rọ̀ oko màlúù oníwàrà ti Ìkún-Èkìtì jẹ lógún, ẹ fi etí sí èyí. Ẹni tí ó ń ka wàrà lónìí ní láti mọ̀ pé òjìji tí ìyá màlúù wà lábẹ́ rẹ̀ ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn wà nínú garawa náà.

Ọmọ ènìyàn pàápàá kò yọ sílẹ̀. Ogun Biafra jà láti 1967 títí di 1970, ebi sì pa àwọn ènìyàn ibẹ̀ dé góńgó. Ní nǹkan bí ogójì ọdún lẹ́yìn rẹ̀, àwọn olùwádìí yẹ ju ẹgbẹ̀rún kan ènìyàn wò ní Enugu, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2010. Wọ́n rí i pé ẹ̀jẹ̀ ríru àti ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ tí kò dára wọ́pọ̀ lára àwọn tí ebi náà bá nínú oyún àti ní ọmọ ọwọ́ ju lára àwọn tí a bí lẹ́yìn ogun. Wọ́n ti gbàgbé ebi náà, ṣùgbọ́n ara wọn kò gbàgbé. Bí ara ènìyàn bá lè rántí fún ogójì ọdún, kí ni ó yà wá lẹ́nu bí ara ewúrẹ́ bá rántí fún ọdún mẹ́ta?

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀. Ọmọ ènìyàn a máa gba lára ohun ìjà tí ara ìyá rẹ̀ fi ń bá àrùn jà nígbà tí ó wà nínú oyún. Ọmọ ewúrẹ́, ọmọ àgùntàn àti ọmọ màlúù kì í gbà á, nítorí ibi tiwọn kì í jẹ́ kí ó kọjá. Òfìfo ni wọ́n wá sáyé. Inú wàrà àkọ́kọ́, èyí tí ó ki, tí ó sì pọ́n, ni ìyá ti ń fún wọn ní ohun ìjà náà. Ó yẹ kí wọ́n mu ún láàárín wákàtí 6 sí ìgbà tí a bí wọn. Bí ọjọ́ kan bá fi kọjá, ìfun wọn ti ti ilẹ̀kùn. Ìyá tí ebi pa nínú oyún kì í ní wàrà yìí tó. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ tí kò lágbára kì í lè dìde fa ọmú. Báyìí ni ebi inú oyún ṣe ń di àrùn lẹ́yìn ìbí, tí a ó sì máa fi àrùn náà bú oríṣiríṣi nǹkan.

Àrùn kan tí ó ń pa ewúrẹ́ wa jùlọ ni èyí tí àwọn dókítà ẹran ń pè ní PPR, tí imú ń ṣàn, tí ẹnu ń dégbò, tí ìgbẹ́ gbuuru sì ń yọ ẹran lẹ́nu. Ó a máa mú kí oyún bàjẹ́ pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ wà. Ó sì yẹ kí inú wa dùn pé èyí tí ó lókìkí jùlọ ní àgbáyé ń jẹ́ orúkọ ilẹ̀ wa, Nigeria 75/1, nítorí láti ara ẹran Nàìjíríà ni a ti rí kòkòrò tí a fi ṣe é ní ọdún 1975. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí ẹran ní Vom, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1924, ń ṣe àjẹsára àrùn yìí nínú orílẹ̀-èdè wa. Ní ọdún 2015 ni gbogbo ayé pinnu ní Abidjan láti lé àrùn yìí kúrò lórí ilẹ̀ ayé títí di ọdún 2030. Ìyá tí a bá gún ní abẹ́rẹ́ yìí yóò fi ìdáàbòbò rẹ̀ sínú wàrà àkọ́kọ́ fún ọmọ rẹ̀ fún nǹkan bí oṣù mẹ́ta. Ẹ wo bí ó ti jẹ́ ìtìjú tó pé abẹ́rẹ́ tí ó ń jẹ́ orúkọ Nàìjíríà kò tíì dé ọ̀dọ̀ gbogbo ewúrẹ́ ní abúlé Èkìtì!

Kí wá ni ṣíṣe? Ohun tí a fẹ́ kì í ṣe ti olówó. Ewúrẹ́ tí ó bá gboyún nínú oṣù kẹwàá yóò bí nínú oṣù kẹta, àádọ́ta ọjọ́ ìkẹyìn rẹ̀ yóò sì bọ́ sí àárín ẹ̀ẹ̀rùn gan-an. Èyí tí ó bá gboyún nínú oṣù kejìlá yóò bí nínú oṣù karùn-ún, nígbà tí òjò ti rọ̀ tí ewé ti yọ. Ẹni tí ó bá lè so òbúkọ rẹ̀ mọ́lẹ̀ fún oṣù méjì yẹn, kí ó ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò bá lè ṣe é, kí ó tọ́jú oúnjẹ pamọ́. Èèpo iṣu àti èèpo ẹ̀gẹ́ tí à ń dà nù níbi tí a ti ń ṣe gàrí jẹ́ oúnjẹ, bí a bá sá a sí oòrùn gbẹ dáadáa, nítorí májèlé wà nínú èèpo ẹ̀gẹ́ tútù. Kí á fi ewé agúnmaníyè, ewé ìyeyè àti ewé ọdán kún un, nítorí èèpo nìkan kò lè kọ́ ẹran ara ọmọ. Kí á fi iyọ̀ díẹ̀ sílẹ̀ fún wọn lá, kí á gbé omi mímọ́ ka ilẹ̀, kí á sì wá òjìji fún aboyún. Kí á fún wọn ní oògùn aràn, kí dókítà ẹran sì sọ irú èyí tí kò ní pa oyún lára. Bí ó bá bí, kí á dúró tì í, kí á rí i pé ọmọ fa ọmú kí á tó wọlé lọ sùn.

A kò wí pé kí á máa rọ́ oúnjẹ sí ewúrẹ́ lẹ́nu. Àṣejù ni baba àṣetẹ́. Aboyún ẹran tí ó bá sanra rékọjá a máa rọbí pẹ́, ọmọ rẹ̀ a sì máa há. Ìwọ̀ntúnwọ̀nsì ni à ń wí.

Ní ti ẹ̀yin alátìlẹ́yìn ẹgbẹ́ òṣèlú, ẹgbẹ́ yòówù kí ẹ wà, a ní ọ̀rọ̀ kan bá yín sọ. Bí àwọn aṣojú yín bá fẹ́ pín ewúrẹ́ fún àwọn ènìyàn, ẹ bi wọ́n léèrè mẹ́ta: Ta ni dókítà tí yóò máa bẹ̀ wọ́n wò? Ǹjẹ́ a ti gún wọn ní abẹ́rẹ́? Kí ni wọn yóò jẹ nínú oṣù kejì? Aboyún ewúrẹ́ tí a kó sínú ọkọ̀ láti ọ̀nà jíjìn, tí a dì pọ̀ nínú ooru, tí a yà fọ́tò rẹ̀, tí a sì fi sílẹ̀, ìpọ́njú ni a pín, kì í ṣe ọrọ̀. Ní ọdún 2016 ni Ìpínlẹ̀ Èkìtì ṣe òfin tí ó fi ààlà sí fífi ẹran jẹko kiri, ní oṣù keje ọdún 2024 sì ni ìjọba àpapọ̀ dá iléeṣẹ́ mínísítà fún ìdàgbàsókè ẹran ọ̀sìn sílẹ̀. Ó dára. Ṣùgbọ́n ẹran tí a bá dè mọ́lẹ̀, ọwọ́ ẹni tí ó dè é ni oúnjẹ rẹ̀ wà. Kí ìjọba tí ó fi ààlà sí ìrìn ẹran fi dókítà ẹran àti abẹ́rẹ́ sí gbogbo ìjọba ìbílẹ̀, láti Ìjerò dé Ẹ̀fọ̀n, kí ó sì rí i pé a kò pa aboyún ẹran mọ́ ní àwọn ilé ìpẹran wa. Ìwádìí àwọn dókítà ẹran ní Nàìjíríà ti fi hàn lọ́pọ̀ ìgbà pé irú ìpakúpa bẹ́ẹ̀ wọ́pọ̀. Ẹni tí ó pa aboyún pa ẹran tòní àti ẹran tọ̀la.

Ẹ̀yin olùkọ́ ni ọwọ́ ọ̀rọ̀ yìí kù sí. Nígbà tí Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 1955, ẹ̀yin ni ẹ gbé e dé abúlé. Nígbà tí wọ́n sì dá oko àgbékalẹ̀ sílẹ̀ láti ọdún 1959, tí ọ̀kan wà ní Ọ̀rìn-Èkìtì, ìrètí wa ni pé iṣẹ́ àgbẹ̀ yóò di iṣẹ́ ọlọ́gbọ́n. Ìrètí náà kò tíì kú. Ẹ fi agúnmaníyè ṣe ọgbà ilé ìwé yín. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ kọ ọjọ́ tí ewúrẹ́ ilé wọn gboyún sílẹ̀, kí wọ́n ka ọjọ́ 150, kí wọ́n wọn ọmọ tí a bí, kí wọ́n sì fi ti èyí tí a bọ́ wé ti èyí tí a kò bọ́. Ìṣirò ni, ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ni, ìwà rere sì ni pẹ̀lú. Ọmọ tí ó bá kọ́ láti ṣàánú aboyún ẹran kò ní ṣòro fún láti ṣàánú aboyún ènìyàn.

Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá tún dé, tí ewúrẹ́ kan bá dúró ní ojúlé yín tí ikùn rẹ̀ sì tóbi, kí á má ṣe jù ú ní òkúta. Ohun tí ó gbé wá kì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Owó ìwé ọmọ ẹnìkan ni, ó sì ń béèrè èèpo iṣu.